Ǹjẹ́ Ọjọ́ Pípẹ́ Ń Wẹ Ìbọn Mọ́?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà tí ó jẹ́ pé ìbọn àtijọ́ ni wọ́n ń fi ìgbà ọwọ́-dilẹ̀ wọn kó jọ. Bí àwọn kan ti ń kó owó àtijọ́ jọ, tí àwọn mìíràn ń kó àwòrán jọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí ń wá ìbọn kiri. Àwọn kan wà láàrin wọn tí kò fẹ́ràn ìbọn mìíràn bí ìbọn kúkúrú tí àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin ń gbé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, èyí tí a ń ti ìdí rẹ̀ kì, tí kì í ṣe ẹnu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ a máa fi òróró nu irin rẹ̀, a máa fi aṣọ nu igi rẹ̀ títí yóò fi máa dán, a sì máa ka gbogbo àmì tí a tẹ̀ sí i lára ní àkàyé: adé ọba, ọdún tí a rọ ọ́, nọ́ńbà ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí ó kọ́kọ́ gbà á. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ni ó rí nínú ohun èlò ikú tí ó fi ń kẹ́ ẹ bí ọmọ, ìdáhùn rẹ̀ kì í pẹ́: ìbọn náà ti darúgbó, ọta rẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́, kò lè pa ẹyẹ, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Òfin pàápàá gbè é lẹ́yìn. Òfin ìbọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1968 gbà kí ènìyàn ní ìbọn àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, bí ó bá jẹ́ pé gẹ́gẹ́ bí ohun ìyanu tàbí ohun ọ̀ṣọ́ ni ó fi í pamọ́. Ní ọdún kan náà ni Amẹ́ríkà ṣe òfin tirẹ̀, ọdún 1898 ni wọ́n sì fi ṣe ààlà: ìbọn tí a rọ ní ọdún náà tàbí ṣáájú rẹ̀ ti di ohun àtijọ́, èyí tí a rọ ní 1899 kò ì tíì dì í. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé ọ̀rọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Báwo ni òru ọjọ́ kan ṣe lè pààlà láàrin ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun tí ń pa ènìyàn? Ǹjẹ́ ọjọ́ pípẹ́ ń wẹ ìbọn mọ́ bí òjò ti ń wẹ ewé? Ìlú kan wà tí ó tọ́ kí a gbé ìbéèrè yìí lọ, nítorí pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí a rọ ọ́ fún níbẹ̀, níbẹ̀ náà sì ni ohun ìjà àtijọ́ ti di ohun tí àlejò ń sanwó wò lónìí. Ìlú náà ni Kúmásì, olú-ìlú àwọn Àṣáńtí ní ilẹ̀ Gánà.

Kí ọ̀rọ̀ tó lọ jìnnà, ó yẹ kí ohun tí a ń pè ní ìbọn a-ti-ìdí-kì yé ènìyàn. Ṣakabùlà tí gbogbo ọdẹ mọ̀, a-ti-ẹnu-kì ni. Ọdẹ yóò fi ìdí ìbọn gúnlẹ̀, yóò da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, yóò fi ọ̀pá gún un wọ inú, yóò sọ ọta sí i, yóò tún gún un, kí ó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sókè láti yìn ín. Bí ọwọ́ rẹ̀ ti wù kí ó yá tó, ọ̀tá yóò ti rí àyè. Ẹni tí ó wà lórí ẹṣin kò tilẹ̀ lè dán an wò: ọwọ́ kan wà lára ìjánu, ẹṣin ń jó lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀tù ń dà sílẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn alágbẹ̀dẹ òkè òkun fi wá ọ̀nà tí a ó fi máa ṣí ìdí ìbọn, kí a ti ọta àti ẹ̀tù tí a ti dì pọ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí a pa á dé, kí a sì yìn ín. Wọ́n sì gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú kí ó lè rọrùn láti so mọ́ gàárì.

Ní 1866 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọnà ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jacob Snider. Wọ́n mú àwọn ìbọn a-ti-ẹnu-kì tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, wọ́n gé ìdí wọn, wọ́n sì fi ìdérí irin kan sí i tí ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ bí ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹlẹ́ṣin, ọ̀pá rẹ̀ kò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. (Snider fúnra rẹ̀ kú nínú òṣì ní ọdún náà gan-an, níbi tí ó ti ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń kó ìbọn rẹ̀ jọ tí kò mọ ìtàn yìí, wọ́n sì máa ń káàánú rẹ̀ púpọ̀.) Lẹ́yìn ti Snider ni ti Martini dé, tí ó jẹ́ pé irin abẹ́ rẹ̀ ni a ń fà wálẹ̀ láti ṣí i.

Ṣùgbọ́n kò sí ibùjẹ ẹṣin ní Kúmásì. Igbó kìjikìji ni ilẹ̀ Àṣáńtí, eṣinṣin tsetse tí ń gbé àrùn sunrunsunrun kiri kì í sì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ẹṣin tí ó sọ Ọ̀yọ́ di ńlá ní ilẹ̀ ọ̀dàn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú igbó, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sì fojú ara wọn rí i ní Òṣogbo ní nǹkan bí 1840, nígbà tí ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun wọn. Ìbọn tí a ṣe ọgbọ́n rẹ̀ fún ẹlẹ́ṣin dé Kúmásì láìsí ẹṣin, nítorí pé àǹfààní tí ó ṣe fún ẹni tí ó wà lórí gàárì náà ni ó ṣe fún ẹni tí ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn igi: kò ní í dìde dúró kí ó tó lè kì í.

Ní January 1874, Sir Garnet Wolseley kó ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọdá odò Pra wọ ilẹ̀ Àṣáńtí, ìbọn Snider sì wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ ogun Asantehene Kofi Karikari pọ̀ jù wọ́n lọ, wọ́n láyà, wọ́n sì mọ igbó náà bí ẹni mọ ilé baba rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn a-ti-ẹnu-kì ni ó wà lọ́wọ́ wọn, ègé irin àti òjé sì ni wọ́n ń kì sí i. Ní ọjọ́ 31 oṣù náà ni wọ́n pàdé ní Amoafo. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú níbẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì yè, nítorí pé ègé irin àwọn Àṣáńtí kì í wọ ara jinlẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti yìn ín bá jìnnà díẹ̀. Amankwatia, ọ̀gágun àwọn Àṣáńtí, kú níbẹ̀. Àwọn yòókù tí wọ́n bá a kú, kò sí ẹni tí ó kà wọ́n. Àwọn òpìtàn kàn ń méfò ni, òmíràn ń pe ẹgbẹ̀rin, òmíràn ń pe ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní ọjọ́ 4 February ni Wolseley wọ Kúmásì. Ní ọjọ́ 6, wọ́n ti iná bọ ìlú, wọ́n sì fi ẹ̀tù fọ́ ààfin.

Ìbọn ní nọ́ńbà lára, òkú kò ní. Ẹni tí ó ra ọ̀kan nínú àwọn ìbọn Snider yẹn lónìí lè sọ ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọ́, ọdún tí wọ́n rọ ọ́, àti àmì ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó jáde. Kò sí bí ó ti lè wá a tó tí yóò fi mọ orúkọ ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn Yorùbá má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè òkun àti àwọn Àṣáńtí nìkan ni èyí. Ní 1873, John Glover tí àwọn ará Èkó mọ̀ sí Gólóbà gba àwọn Haúsá àti Yorùbá ní Èkó, ó sì kó wọn lọ sí ẹ̀bá odò Volta láti ti apá ìlà-oòrùn bá àwọn Àṣáńtí jà. Ní 1900 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí Gómìnà Hodgson jókòó ní Kúmásì ní ọjọ́ 28 March tí ó ní kí wọ́n gbé Àga Wúrà wá fún òun, tí Yaa Asantewaa, ìyá ọba Ejisu, sì kó ogun jọ yí odi Gẹ̀ẹ́sì ká, ta ni ó kọ́kọ́ la ogun kọjá láti gba àwọn tí ó wà nínú odi sílẹ̀? Àwọn ọmọ ogun Èkó ni. Wọ́n lé ní igba, Haúsá ni púpọ̀ nínú wọn, Captain Aplin ni ó ṣíwájú wọn, ọjọ́ 29 April ni wọ́n dé. Ìbọn kúkúrú a-ti-ìdí-kì ti Martini ni àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú tí ń jà fún Gẹ̀ẹ́sì gbé ní ogun náà. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá ń bèèrè ọwọ́ tí ó wà lára apátí, kí ó má ṣe wo òkè òkun nìkan.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ipá kó irú ìbọn yìí wọ ilẹ̀ Yorùbá. Nínú ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ń ṣòwò ní Èkó ni wọ́n dá owó jọ, tí wọ́n ra Snider, tí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé àti àwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ìbọn wọ̀nyí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí wọ́n lè dúró níwájú ọmọ ogun Ìbàdàn tí Látọ̀ọ́sà kó wá, títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní 1886 tí ibùdó ogun sì tú ní 1893. Ta ni yóò sọ fún ọmọ Èkìtì pé ohun ìtìjú ni ìbọn náà? Ìbọn tí ó fi ẹrú ṣe ẹni kan ni ó gba ẹlòmíràn lóko ẹrú.

Ní July 1890 ni àwọn ìjọba òkè òkun fẹnu kò ní Brussels pé a kò gbọdọ̀ kó irú ìbọn tuntun bẹ́ẹ̀ wọ apá tí ó pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú mọ́, àfi èyí tí ó bá jẹ́ ti ìjọba. Ìbọn olókùúta àtijọ́ ni kí wọ́n máa tà fún wọn. Ohun tí wọ́n wí ni pé láti pa òwò ẹrú run ni. Ó lè jẹ́ òótọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di 1900, ṣakabùlà ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn tí ń jà fún Àga Wúrà. Ìbọn kan náà ni, tí òfin òde òní ní Amẹ́ríkà kà sí ohun àtijọ́ nítorí pé a rọ ọ́ ṣáájú 1899. Nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, òfin ní ó burú jù fún ọwọ́ aláwọ̀ dúdú, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ sì parí, òfin ní kò burú fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tí ó yí padà lára irin. Ẹni tí ń bẹ̀rù ni ó yí padà.

Àwọn tí ń kó ìbọn jọ ní èsì kan tí ó lágbára, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Wọ́n ní irin kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀, kò lọ́kàn; ẹni tí ó yìn ín ni ó pa ènìyàn, òun náà sì ti kú tipẹ́. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ dá ìbọn lẹ́bi kí ó kọ́kọ́ dá àdá àti òkò lẹ́bi. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí ilé ẹjọ́ kan tí ń so irin kọ́. Ṣùgbọ́n bí irin kò bá lẹ́bi, èyí kò sọ ọ́ di ohun ọ̀ṣọ́. Yorùbá ti bèèrè tipẹ́tipẹ́ pé: ìbọn lápátí, kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọjú ìbọn kọ òun? Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ padà rántí ọ̀rọ̀ yìí ní 2021. Àwọn ọ̀daràn ti ń wá ìbọn ọ̀ṣọ́ rà, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe ọta fún un, wọ́n sì ń fi jalè. Ni ìjọba bá yọ irú ọta méje kúrò nínú àwọn tí ó ti kà sí ohun àtijọ́, àwọn tí ó ní ìbọn wọn ní láti gba ìwé àṣẹ bí ti ìbọn yòókù. Ohun tí ó ti jẹ́ ọ̀ṣọ́ lánàá tún di ìbọn lónìí.

Bí ìbọn àtijọ́ kò bá jẹ́ ọ̀daràn, tí kò sì jẹ́ ọ̀ṣọ́, kí ni ó jẹ́? Ìdáhùn wà nínú àṣà Yorùbá fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí i. Ti Ògún ni irin. Ní kóòtù, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí a máa fi irin búra, ohun tí ó sì wà lẹ́yìn ìbúra náà ni pé irin mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀; ẹni tí ó bá purọ́ lójú rẹ̀ ti purọ́ lójú ẹni tí ó wà níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni irin. Kò yẹ kí a jẹ ẹlẹ́rìí níyà bí ẹni tí ó ṣẹ̀, kò sì yẹ kí a kùn ún lóṣùn kí a gbé e sí ìyẹ̀wù fún àlejò láti máa wò. Ohun kan ṣoṣo tí ènìyàn jẹ ẹlẹ́rìí ní gbèsè ni pé kí ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀, kí ó sì sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Níbi tí a bá ti gbé ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà yìí, ẹ̀ṣẹ̀ àti ẹ̀tọ́ àwọn akóbọnjọ yóò hàn kedere. Ẹ̀tọ́ wọn kò kéré. Àwọn ni wọ́n ń ka àmì tí ẹlòmíràn ò mọ̀ pé ó wà. Bí kò bá sí irú wọn, òpìtàn ì bá kàn máa sọ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìbọn tí ó dára jù, kò ní lè sọ bí ó ti dára tó, tàbí ìdí rẹ̀ tí ọ̀wọ́ ènìyàn díẹ̀ fi lè la àárín ogunlọ́gọ̀ kọjá. Ọwọ́ tí ń fi òróró nu irin ni kò jẹ́ kí ìpatà jẹ ẹ̀rí. Sísun ìbọn pẹ̀lú ní ìgbà tirẹ̀: ní Timbuktu, ní March 1996, nǹkan bí 3,000 ìbọn ni wọ́n kó jọ tí wọ́n sun lójú gbogbo ènìyàn láti fi òpin sí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Mali. Ṣùgbọ́n ìbọn tí ó lè pa ènìyàn lọ́la ni wọn, wọn kò ì tíì di ẹlẹ́rìí àtijọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dun ni lójú ni ti owó. Ìbọn tí kò ní ìtàn ní iye tí wọ́n ń tà á. Èyí tí ìwé bá wà fún pé ó lọ sí ogun kan tí ó lókìkí, iye rẹ̀ a gbéra sókè. Kí ni olùrà fi owó tí ó lé sí i yẹn rà? Irin náà kò tóbi ju ìkejì rẹ̀ lọ. Ogun náà ni ó rà, àwọn tí ó kú nínú ogun náà ni wọ́n sì sọ ọ́ di ọ̀wọ́n. Ẹni tí ó ń wí pé ìbọn òun kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ikú mọ́, tí ó tún ń san owó lé owó nítorí ikú náà, ẹnu rẹ̀ kò kò. Bí ó bá san án kí ìtàn náà lè di mímọ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí a fi han ẹni tí ó bá bèèrè, ìyẹn yé ènìyàn. Bí ó bá san án kí ó lè tì í mọ́ àpótí, ó ti ra ẹnu ẹlẹ́rìí pa.

Ní Kúmásì, ọ̀rọ̀ owó yìí ní ojú mìíràn. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Wolseley ń padà lọ ní February 1874, wọ́n kó wúrà àti ohun ọlá inú ààfin lọ, wọ́n sì ta púpọ̀ nínú rẹ̀ ní gbàǹjo ní Cape Coast. Orí ènìyàn kan tí a fi wúrà ṣe bọ́ sọ́wọ́ Sir Richard Wallace ní ọdún náà, ó sì wà nínú Wallace Collection ní Lọ́ńdọ̀nù di òní yìí. Òmíràn dé British Museum, òmíràn dé Victoria and Albert Museum. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà wá ní 1896, wọ́n mú Asantehene Prempeh lọ sí ìgbèkùn láìyin ìbọn kan, wọ́n sì kọ́ odi òkúta sí àárín ìlú. Odi náà ni Yaa Asantewaa yí ká ní 1900. Láti àwọn ọdún 1950 ni ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun, àwọn ìbọn, àsíá àti àmì ẹ̀yẹ ogun oríṣiríṣi sì wà níbẹ̀, títí dé ti ogun Burma. Ohun tí ó dára kúrò ní ìlú, ohun tí wọ́n fi gbà á sì dúró.

Ìyípadà díẹ̀ ti dé. Ní February 1974 ọgọ́rùn-ún ọdún ti pé, wúrà kò tí ì padà; ní February 2024 tí ó pé àádọ́jọ ọdún, Fowler Museum ti Los Angeles dá ohun méje padà fún Asantehene pátápátá. Ní ọdún náà, ohun méjìlélọ́gbọ̀n mìíràn dé láti British Museum àti Victoria and Albert Museum sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia, ṣùgbọ́n yíyá ni wọ́n yá wọn, fún ọdún mẹ́ta, tí a lè fi mẹ́ta mìíràn kún. Ẹlẹ́rìí kejì ti dé tòsí ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ ìpadàlọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọdé fẹ́ràn ìbọn. Bí a bá kó kíláàsì kan lọ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ìbáà ṣe odi Kúmásì, ìbáà ṣe Umuahia tí ìjọba Nàìjíríà ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní 1985, ibi tí ìbọn wà ni wọn yóò kọ́kọ́ sáré lọ, wọn yóò sì bèèrè bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Kò yẹ kí olùkọ́ bá wọn wí fún èyí, nítorí pé ìbéèrè rere ni; kí ó ṣàlàyé ìdí tí ń ṣí àti ìdí tí ń pa dé, kí ó sọ fún wọn nípa ẹlẹ́ṣin tí kò lè da ẹ̀tù, kí ó sọ nípa Snider tí ó kú nínú òṣì. Lẹ́yìn náà ni kí ó dúró kí ọmọ kan bèèrè ẹni tí ó wà níwájú ìbọn. Bí kò bá sí ọmọ tí ó bèèrè, kí òun bèèrè lọ́wọ́ wọn. Ní ti Amoafo, ó lè dárúkọ Amankwatia fún wọn. Ó lè sọ iye àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú, nítorí pé àwọn ará wọn kà wọ́n. Bí ọmọ náà bá sì tún bèèrè iye àwọn yòókù, kí olùkọ́ sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n, kí ó sì jẹ́ kí kíláàsì dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó lọ síwájú.